Alùpùpù Tí Wọ́n Gbàgbé Níbi Ìpà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá, nítorí ìtàn yìí kò dára láti gbọ́ láàbọ̀. Ọdẹ́lànà, àgbà ọdẹ, ló sọ ọ́ fún wa lójúde rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko. Bó ṣe sọ ọ́ ni ẹ ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í jí òkú.

Ọdẹ́lànà bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Ọdẹ́jìnmí. Jìnmí ni gbogbo wa ń pè é. Ọdẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sígbó bí àwọn baba rẹ̀. Alùpùpù ló ń gùn, alùpùpù dúdú àtijọ́ kan tí Ọdẹ́lànà rà nígbà tí kòkó ń tà, kí wọ́n tó bí Jìnmí rárá. Àwọn tó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìjókòó rẹ̀ ti ya, awọ ìgalà ni wọ́n fi rán an. Iná iwájú rẹ̀ ti yẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gun òkè bọ̀, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé Jìnmí ti dé, Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ á sì gbé omi ọbẹ̀ kaná.

Jìnmí ti ọwọ́ òsì bọ ihò òkété. Paramọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e délé, ọwọ́ náà ti wú dé èjìká. Ó kú.

Ẹ mọ àṣà wa. Baba kì í tẹ̀lé òkú ọmọ. Inú ilé ni wọ́n ní kí Ọdẹ́lànà jókòó sí, ó sì jókòó. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ ṣe ìpà fún Jìnmí. Bí ọdẹ bá kú, wọ́n á kó gbogbo ohun tó fi ń ṣọdẹ, wọ́n á gbé e kọ́ sí oríta inú igbó, wọ́n á sọ fún un pé, “Iṣẹ́ rẹ níbí ti parí, máa lọ, má bá wa dẹ̀gbẹ́ mọ́.” Òkú ọdẹ tí wọn kò bá ṣe èyí fún kò ní lè kọjá. Wọ́n gbé ìbọn Jìnmí lọ. Wọ́n gbé àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ àti àtùpà tó ń dè mọ́rí. Wọn kò gbé alùpùpù. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni, nítorí pé nígbà ayé àwọn tó dá ìpà sílẹ̀, ọdẹ wo ló ní alùpùpù? Ẹni kan tó lè rán wọn létí ni wọ́n ti mọ́lé.

Láti ìgbà náà ni alùpùpù ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ojoojúmọ́ ni Ọdẹ́lànà ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ti í sí jíà, ó sì fa kílọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin. Alùpùpù kò dúró. Ó ń wọ́ ọ lọ sí ojú ọ̀nà igbó.

“Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì wà fún nìyí,” ni Ọdẹ́lànà sọ fún wa. “Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ọwọ́ òsì. Wáyà ló so ó mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fà á, ẹ́ńjìnnì àti táyà á pínyà. Ẹ tú u, wọ́n á di ara wọn mú, mashíìnì á sì lọ. Bí wáyà bá fà jù, wọn kò ní lè di ara wọn mú. Bó bá sì dẹ̀ jù, wọn kò ní lè pínyà.”

Ẹ̀jìdé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà láàárín wa. Ó ní, “Bàbá, ṣé ìtàn lẹ fẹ́ sọ ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ mẹkáníìkì?”

“Ẹ̀jìdé, torí ẹnu rẹ yìí ni ọkọ rẹ kejì ṣe sá. Ẹni tí kò bá mọ kílọ́ọ̀ṣì kò ní mọ ìdí tí mo fi sunkún.”

Ẹ̀jìdé rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́lànà yí nọ́ọ̀tì ìdí wáyà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ra wáyà tuntun. Kò sí èyí tó gbà. Bó ti ń ṣe é ni Olúọdẹ, olórí ẹgbẹ́ wọn, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kò jókòó.

Ó ní, “Ọdẹ́lànà, a rí ọmọ rẹ.”

“Níbo?”

“Lójú ọ̀nà igbó. Ènìyàn mẹ́ta ló ti rí i. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, eruku dé e lórúnkún. Ohun tó ń bi gbogbo wọn ni pé ṣé wọ́n bá òun rí mashíìnì òun.” Àgbàlagbà náà wolẹ̀. “Àwa la ṣe àṣìṣe. Jẹ́ ká gbé e lọ sí oríta lónìí.”

Ọdẹ́lànà ní, “Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ fún un.”

Olúọdẹ lọ. Àwẹ̀ró jáde láti ilé ìdáná. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bàbá Jìnmí, ibi ìjókòó tó wà lẹ́yìn mashíìnì yẹn, ènìyàn mélòó ló ń gbà?”

“Ẹnì kan.”

“Gbé e wá fún mi.”

Ohun tó wà lọ́kàn Ọdẹ́lànà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi alùpùpù sílẹ̀ fún òkú. Ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ padà wálé.

Ó mú sípánà kan ṣoṣo, ó gun alùpùpù, ó sì kọjú sígbó. Ìgbà tí alùpùpù rí ibi tí wọ́n ń lọ ni kílọ́ọ̀ṣì gbọ́ràn. Ó kọjá igbó tí a mọ̀, ó wọ èyí tí a kò mọ̀. Níbẹ̀ ni iwin kan ti dábùú ọ̀nà. Orúnkún rẹ̀ kọ sẹ́yìn, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn dé àyà, ewúrẹ́ méjì sì ń jẹ̀ nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Iwin ní, “Ta ló ń pariwo nínú oorun mi?”

“Èmi Ọdẹ́lànà ni. Èmi tí mo gbá ẹfọ̀n létí tó ní kí n má bínú. Èmi tí àmọ̀tẹ́kùn ń kọ́kọ́ kí kó tó kí ìyá rẹ̀.”

Ẹ̀jìdé ní, “Bàbá, nígbà wo lẹ gbá ẹfọ̀n létí?”

“Ìwọ ò ì tí ì dáyé. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.”

Iwin náà rẹ́rìn-ín. “Igbó yìí ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí lo wá ṣe?”

Ọdẹ́lànà fẹ́ tún fọ́nnu. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ní, “Ọmọ mi kú.”

Iwin wò ó. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀ àti àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. “Kọjá. Ìlú kan wà níwájú tí inú rẹ máa dùn sí. Má ṣe jẹ́ kí inú rẹ dùn síbẹ̀ jù.”

Orúkọ ìlú náà ni Ìlú Adìmú. Ohun tí Ọdẹ́lànà rí níbẹ̀, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ibodè, ọwọ́ wọn sì ti hù pọ̀ bí iṣu ìbejì. Àgbẹ̀ kan di ọkọ́ mú títí èèkù ọkọ́ fi ta gbòǹgbò wọ ọ́ lápá. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òkú jókòó sí. Òkú ọkọ, òkú ìyá, òkú ọmọ kéékèèké tí wọ́n kun lósùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní alààyè tó dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Oko wọn ti di igbó. Wọn kò lè gbé oúnjẹ kaná, nítorí ta ni yóò tú ọwọ́?

Obìnrin kan kí i. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lápá rẹ̀, tí kò mí. “Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ pàdánù ènìyàn ni?”

“Mo pàdánù ọmọ.”

“Àwa kì í pàdánù ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ mú un wá, ẹ jókòó tì wá. Ẹ ṣáà ti dì í mú.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́lànà lára bí omi gbígbóná nígbà ọyẹ́. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Bó ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ báyìí, wáyà kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó le bí ọṣán ọrun. Ọdẹ́lànà fi ọwọ́ ọ̀tún yí iná tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré sókè, ẹ́ńjìnnì ké, ó ké, táyà kò yí rárá. Àwọn ará ìlú ń sún mọ́ ọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ kan wọ́ òkú rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ kejì sí i.

Bàbá arúgbó kan jókòó sídìí ògiri, ó di ìyá rẹ̀ mú. Ó ti pẹ́ débi pé èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ, kò ṣeé mọ̀ mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Bàbá náà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Àlejò, mo fẹ́ pa àlọ́ kan fún ọ. Kí ni a fà mú jù, tó fi jẹ́ pé kò lè di nǹkan kan mú mọ́?”

Ọdẹ́lànà bojú wo abẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. “Wáyà kílọ́ọ̀ṣì.”

Bàbá náà ní, “Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara mi ni mò ń wí. Àmọ́ bí tìrẹ bá ṣeé tú, tètè tú u.”

Ọdẹ́lànà kúnlẹ̀, ó fi sípánà yí nọ́ọ̀tì, ó dẹ wáyà. Ọwọ́ mẹ́fà ti dì í láṣọ kó tó fò gun alùpùpù. Ó tú kílọ́ọ̀ṣì, táyà gba ilẹ̀ mú, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, wọ́n ṣì di ẹ̀wù náà mú.

Ìlú kejì, kò pẹ́ níbẹ̀. Ìlú àwọn tó ń ju ohun gbogbo sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀, ni. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín kiri. Ọmọ ń sunkún lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ń kọjá lọ, kò mọ̀ pé tòun ni. Nítorí pé Ọdẹ́lànà ti fi ìbẹ̀rù dẹ wáyà jù, kílọ́ọ̀ṣì kò lè pín ẹ́ńjìnnì àti táyà níyà mọ́, alùpùpù ń wọ́ ọ gba àárín ọjà wọn, kò sì lè dúró. Ó fa kílọ́ọ̀ṣì títí ọwọ́ ń ro ó.

Wọ́n ń bi í láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé, “Baba, kí lẹ̀ ń wá?”

Ó la ẹnu láti sọ ọ́, kò rántí orúkọ náà. Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó bí, tó gbé pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, orúkọ rẹ̀ fò lọ. Inú rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní ohun tó ba òun lẹ́rù jùlọ ní gbogbo ìrìn-àjò náà nìyẹn, pé inú òun fúyẹ́. Ó bu ahọ́n jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, oríkì ọmọ náà ló sì kọ́kọ́ padà wá.

“Àjàmú,” ló pariwo. “Àjàmú ni mò ń wá.”

Ó darí alùpùpù sínú òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn ọjà, òkìtì ló dá a dúró. Ó fa wáyà le padà, ó tẹ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń pe oríkì náà lọ títí ó fi dé odò.

Ẹnì kan jókòó lórí àpáta létí odò. Eruku dé e lórúnkún lóòótọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀. Koríko kò tẹ̀ lábẹ́ àyà rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀nà.”

Jìnmí dìde, ó yí alùpùpù ká, ó fi ìka kan tẹ irin kílọ́ọ̀ṣì, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ta ló di nọ́ọ̀tì yìí? Ẹ tún ti fà á jù.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ.”

“Ẹ kọ́ mi lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ti wúwo jù fún un. Ẹ fún mi ní sípánà.”

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di wáyà mú, nítorí náà Ọdẹ́lànà bá a dì í, Jìnmí ń fi ọ̀tún yí nọ́ọ̀tì. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Bí wọ́n ti máa ń ṣe lójúde ilé nìyẹn, ẹnì kan á di wáyà, ẹnì kan á yí i, wọ́n á máa bú ara wọn. Jìnmí tẹ irin náà wò. Ó jẹ́ kó ní ààyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìwọ̀n tí èékánná nípọn.

“Ó tó,” ló wí.

Ọdẹ́lànà gbá orí alùpùpù yí padà sọ́nà ilé. “Gun ẹ̀yìn.”

“Bàbá.”

“Mo ní kó o gun ẹ̀yìn. Ìyá rẹ ń dúró.”

Ọmọ rere kì í bá baba jiyàn. Jìnmí gun ẹ̀yìn. Ọdẹ́lànà ní òun kò mọ̀ ọ́n lára pé ènìyàn kankan wà níbẹ̀. Ó ti í sí jíà, ó tú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì ké, táyà kò yí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dẹ wáyà, ó tún gùn ún. Kò lọ. Ó fà á le. Kò lọ. Òórùn jíjóná ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ó tún sọ̀ kalẹ̀.

“Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe kílọ́ọ̀ṣì.”

“Dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà.”

Ọdẹ́lànà kò gbọ́. Ó ń yí nọ́ọ̀tì síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, títí sípánà fi yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló jókòó sílẹ̀, tó sì sunkún. Èmi kò ní sọ fún yín bí àgbà ọdẹ ṣe ń sunkún. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibi tó jókòó sí ni ẹsẹ̀ Jìnmí wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ti là yẹ́rẹyẹ̀rẹ, ẹ̀gún ti dá sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kú ni ọmọ yìí ti ń rìn lọ bọ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, kò lè padà, kò lè kọjá, nítorí pé ohun tó yẹ kó gùn wà lójúde baba rẹ̀, tí wọ́n fi ẹní bò.

Ọdẹ́lànà dìde. Ó mú sípánà, ó wá ààyè ìwọ̀n èékánná náà padà sójú rẹ̀. Ó gbá orí alùpùpù yí sí odò.

“Bọ́ síwájú,” ló wí.

Jìnmí jókòó síwájú. Ó gbé ọwọ́ òsì lé irin kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ìka náà kò ká. “Mi ò lè fà á, Bàbá.”

“Mo mọ̀.”

Ọdẹ́lànà dúró lápá òsì alùpùpù, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ fa kílọ́ọ̀ṣì mú. Jìnmí fi ẹsẹ̀ ti jíà kìíní, ó sì yí iná sókè díẹ̀.

“Ẹ má já a lójijì o. Tẹ́ ẹ bá já a lójijì, ẹ́ńjìnnì á kú, mo máa ṣubú. Ẹ má sì pẹ́ lórí ẹ̀ jù, kò ní pẹ́ jóná.”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kílọ́ọ̀ṣì? Mo ti ń tú u kí wọ́n tó bí ọ.”

“Ẹ má bínú, sà.” “Ẹ bá mi kí ìyá mi.”

Ọdẹ́lànà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọwọ́. Kò kánjú, kò sì falẹ̀. Bó ti ń tú u ni alùpùpù ń lọ, òun náà ń bá a rìn, ó wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Ní ìkẹyìn, irin náà kàn ń fara kan ìka rẹ̀ lásán. Lẹ́yìn èyí, kò kàn án mọ́.

Jìnmí kò lè yí i sí jíà kejì, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá a fa kílọ́ọ̀ṣì. Jíà kìíní náà ló fi la odò kọjá, díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké sókè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ kí baba rẹ̀ tó dẹ́kun gbígbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbogbo wa yíjú sí Ẹ̀jìdé níbi tó jókòó sí. Kò sọ nǹkan kan.

Ọdẹ́lànà fẹsẹ̀ rìn padà. Àwẹ̀ró ti tẹ́ ẹní sí yàrá Jìnmí, ó ti gbé omi kaná. Ó jáde sójúde, ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

“O ò rí i?”

“Mo rí i. Ó ní kí n kí ọ.”

“Ọwọ́ rẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wú?”

“Kò wú mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ká.”

“Ta ló wá bá a fa kílọ́ọ̀ṣì?”

“Èmi ni.”

“Ta ló tú u?”

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni Ọdẹ́lànà nà sí i, epo alùpùpù wà lára rẹ̀ dúdú. Àwẹ̀ró wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó bu lára omi tó gbé kaná, ó jókòó tì í, ó sì fọ ọwọ́ náà fún un, ìka kọ̀ọ̀kan, títí epo fi kúrò.

Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, kó dìde kó lọ wò ó.